Ìjì Nílé Ìfọṣọ

Àbúrò ìyá mi ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀, èyí tí gbogbo ilé wa ń pè ní Àǹtí Ìjì. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, tó bá rí i lónìí bó ṣe ń fara balẹ̀ ro tíì, á bi ara rẹ̀ pé irú ìjì wo lèyí tí ewé kan kì í mì lẹ́yìn rẹ̀. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n orúkọ yìí kì í ṣe ilé ni wọ́n ti fún un. Ibi iṣẹ́ ló ti gbà á wálé.

Láti kékeré ni ara rẹ̀ ti yá ju bó ṣe yẹ lọ. Ìyá mi sọ pé bí wọ́n bá ń rán an níṣẹ́, ó ti máa ń dé ẹnu ọ̀nà kí wọ́n tó parí ọ̀rọ̀, á tún wá sáré padà wá béèrè ohun tí wọ́n ní kó lọ mú wá. Ó máa ń jẹun bí ẹni pé ẹlòmíràn ń dúró de abọ́ náà. Màmá wọn a ní, "Ta ló ń lé ẹ?" Òun náà, pẹ̀lú ẹnu tó kún fọ́fọ́, a ní, "Kò sẹ́ni tó ń lé mi, mà." Ó kọ́ṣẹ́ aránṣọ, ó sì ń fi agbára tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ débi pé ọ̀gá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi okùn so ẹsẹ̀ tábìlì mọ́ ara ògiri. Ìgbà tí ọ̀gá náà kó lọ bá àwọn ọmọ rẹ̀, tí ṣọ́ọ̀bù sì tì, ẹnì kan ló sọ fún Àǹtí mi pé ilé ìwòsàn kan ń wá ẹni tó mọwọ́ aṣọ fún ilé ìfọṣọ wọn.

Ẹ̀yìn pátápátá ni ilé ìfọṣọ náà wà. Yàrá gígùn kan ni, wíńdò rẹ̀ ga sókè débi pé ojú sánmà nìkan lèèyàn ń rí níbẹ̀. Ní apá kan, àwọn ẹ̀rọ ìfọṣọ ń kùn bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun. Ẹ̀rọ ìlọṣọ ńlá kan wà láàárín, páìpù kan tó nípọn bí itan ọmọdé ló sì ń gbé ooru omi gbígbóná wá fún un. Ní apá kejì ni tábìlì gígùn tí àwọn obìnrin ń dúró yí ká, tí wọ́n ń ká aṣọ bẹ́ẹ̀dì, aṣọ àwọn dókítà àti àpò ìrọ̀rí. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì kì í ṣe ohun tí ẹnì kan ń dá ká. Ẹni méjì ní í di etí rẹ̀ mú, wọ́n á fà á kó le, wọ́n á gbọ̀n ọ́n, wọ́n á wá rìn pàdé ara wọn bí ẹni tó fẹ́ dì mọ́ra.

Lọ́jọ́ tí Àǹtí mi kọ́kọ́ débẹ̀, aṣọ àwọn dókítà ni wọ́n kó síwájú rẹ̀. Kí àwọn tó kù tó dé ìdajì òkìtì tiwọn, ó ti ká tirẹ̀ tán, ó ti tò ó bíi búrẹ́dì sórí pẹpẹ. Ó wá fọwọ́ lé ìbàdí, ó ń retí kí ẹnì kan yin òun. Wọ́n wo òkìtì aṣọ rẹ̀, wọ́n wo ojú ara wọn, wọ́n sì padà sẹ́nu iṣẹ́.

Obìnrin kan wà níbẹ̀ tó sanra, tí ẹ̀rín rẹ̀ máa ń ṣíwájú rẹ̀ wọlé, Ẹlẹ́rìn-ín ni wọ́n ń pè é. Òun ló kọ́kọ́ lanu. Ó ní, "Ẹ di aṣọ yín mú dáadáa o, ìjì ti wọlé." Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Àǹtí mi náà rẹ́rìn-ín, ó rò pé wọ́n ń fi ṣe ọ̀yàyà ni.

Ìgbà tí àkókò ìsinmi tó ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yé e. Bẹ́ńṣì kan ṣoṣo ló wà lábẹ́ wíńdò, gbogbo wọn sì jókòó sí i, tíì lọ́wọ́ wọn. Ẹni tó bá fẹ́ kéèyàn jókòó á sún, ẹni tí kò bá fẹ́ á ya ẹsẹ̀. Gbogbo wọn ló ya ẹsẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpò aṣọ ìdọ̀tí ni Àǹtí mi dúró sí mu tíì tiẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ọ̀rọ̀ náà tún burú sí i. Ọ̀gá ilé ìfọṣọ wọlé, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ìdì kọ́kọ́rọ́ kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, tó jẹ́ pé wọ́n á ti gbọ́ ṣaworo-ṣaworo rẹ̀ láti òkèèrè kí òun fúnra rẹ̀ tó yọ. Lọ́jọ́ yẹn, ọ̀gá àgbà ilé ìwòsàn bá a wá. Ọ̀gá nawọ́ sí òkìtì aṣọ Àǹtí mi, ó ní, "Ẹ ò rí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé! Kí ló dé tí ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti pẹ́ ò lè ṣe báyìí?" Epo pupa ló dà sáṣọ funfun yẹn. Láti ọjọ́ náà, bí Àǹtí mi bá kí wọn káàárọ̀, wọ́n á dá a lóhùn bí ẹni tó ń wúkọ́.

Lọ́jọ́ kan, ilé wa ló sáré wá bó ti jáde níṣẹ́. Ìyá mi ń rán bọ́tìnì mọ́ ṣẹ́ẹ̀tì iléèwé mi lọ́wọ́. Àǹtí mi ju báàgì sílẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò lọ mọ́."

"Kí ni wọ́n ṣe fún ẹ?"

"Wọn ò ṣe nǹkan kan fún mi. Ohun tó ń dùn mí gan-an nìyẹn."

"Ṣé wọ́n bú ẹ ni?"

"Rárá."

"Wọ́n gbá ẹ létí?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, wọn ò sún fún mi lórí bẹ́ńṣì!"

Ìyá mi kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, kó tó rí i pé omi ti kún ojú àbúrò òun. Ó gbé ṣẹ́ẹ̀tì sílẹ̀. Ó ní, "Gbọ́ mi. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Àwọn wọ̀nyẹn ò mọ̀ ẹ́ rí, wọn ò lè ṣàdédé kórìíra rẹ. Wo bí wọ́n ṣe ń ṣe, kí ìwọ náà ṣe bíi tiwọn ná. Tó bá yá, ìdí rẹ̀ á yọ."

Bẹ́ẹ̀ ni Àǹtí mi ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ bí wọ́n ṣe ń lọ́ra. Ó sọ fún mi pé kò sí iṣẹ́ tó le tó o láyé. Ọwọ́ á máa yún un, á sì máa bẹ ọwọ́ náà. Bó bá ká aṣọ kan, á wo àwọn tó kù kó tó fọwọ́ kan òmíràn. Kò mọ ìgbà tí òun bẹ̀rẹ̀ sí í wé gèlè bíi tiwọn, kókó rẹ̀ sí ẹ̀yìn nítorí ooru. Wọ́n tún ní àṣà kan: kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ òkìtì tuntun, wọ́n á kan tábìlì lẹ́ẹ̀mejì, kó, kó. Òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í kan án. Ó kàn án délé wa pàápàá, lórí tábìlì ìjẹun, kó tó ṣí abọ́.

Mo bi í pé, "Àǹtí, kí lẹ ń kan tábìlì fún?"

"Gbogbo wa la máa ń kàn án."

"Kí nìdí rẹ̀?"

"Ṣé o ò gbọ́ ni? Mo ní gbogbo wa."

Díẹ̀díẹ̀, bẹ́ńṣì bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á. Ìdajì ìdí ló kọ́kọ́ ráyè, ìdajì kejì wà lórí afẹ́fẹ́. Nígbà tó yá, ìdí méjèèjì jókòó. Ọjọ́ tí ẹnì kan kọ́kọ́ bu búrẹ́dì fún un láìjẹ́ pé ó wo ojú rẹ̀, ó gbé búrẹ́dì náà wálé wá fi han ìyá mi kó tó jẹ ẹ́.

Nínú gbogbo wọn, ìyá àgbàlagbà kan ló dákẹ́ jù. Màmá Àgbà ni wọ́n ń pè é. Àpò ìrọ̀rí ni wọ́n sábà ń kó síwájú rẹ̀, bó bá sì kan aṣọ bẹ́ẹ̀dì, Ẹlẹ́rìn-ín nìkan ló máa ń bá a di etí kejì mú. Lọ́jọ́ kan, ara Ẹlẹ́rìn-ín ò yá, kò wá síṣẹ́. Àǹtí mi ló bọ́ sí àyè rẹ̀. Wọ́n na aṣọ, wọ́n fà á kó le. Aṣọ bọ́ lọ́wọ́ Màmá Àgbà. Wọ́n tún un mú, ó tún bọ́.

Ìyá náà ní, "Aṣọ òní mà ń yọ̀ o. Bóyá wọn ò fọ ọṣẹ rẹ̀ kúrò."

Àǹtí mi wá wo ọwọ́ náà. Ìka rẹ̀ ti lọ́ bíi gbòǹgbò, oríkèé rẹ̀ wú, kò lè pa ìka dé mọ́. Ìdí àtàǹpàkò àti ìgbáròkó ló ń fi há etí aṣọ mọ́ra. Àǹtí mi gbójú sókè wo àwọn tó kù. Kò sẹ́ni tó wo ibi tí wọ́n wà, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló dá ọwọ́ dúró díẹ̀. Ìgbà tí Màmá Àgbà rí aṣọ náà ká tán ni ọwọ́ gbogbo wọn tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í lọ.

Nígbà tí Ẹlẹ́rìn-ín padà dé, ó fa Àǹtí mi lọ sẹ́yìn ẹ̀rọ ìfọṣọ, níbi tí ariwo wà.

"Wọ́n ní ìwọ lo bá Màmá káṣọ. Ṣé o ti rí i?"

"Mo ti rí i."

"Bí ẹnì kan bá parí tiẹ̀ kíá, wọ́n á béèrè ìdí tí ẹnì kejì ò fi tíì parí. Ìyá yẹn ló ń tọ́ àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀. Kò ní pẹ́ fẹ̀yìn tì, kó lè rí owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ gbà la ṣe ń fẹsẹ̀ rẹ̀ rìn."

"Kí ló dé tẹ́ ò sọ fún mi láti ọjọ́ yìí?"

"Ṣé a mọ bí ẹnu rẹ ṣe rí ni? Ọwọ́ rẹ ń sáré báyẹn, a rò pé ẹnu náà á máa sáré."

Àǹtí mi ní òun ò mọ̀ bóyá kí òun rẹ́rìn-ín tàbí kí òun sunkún. Láti ọjọ́ yẹn, lílọ́ra ò nira fún un mọ́. Ó di olórí wọn nínú rẹ̀. Bí ọ̀dọ́bìnrin kan bá fẹ́ yára, òun ló máa wúkọ́ fún un.

Ṣùgbọ́n ìfẹ́ náà lójú tí kò ríran. Nítorí pé wọn ò fẹ́ kí Ọ̀gá dúró pẹ́ nínú yàrá kó má baà rí ọwọ́ Màmá Àgbà, wọ́n fi ṣe òfin pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ pe Ọ̀gá wá wo nǹkan kan. Bí gílóòbù bá jó, wọ́n á máa ṣiṣẹ́ nínú òkùnkùn. Ìgbà tí oríkèé páìpù ooru bẹ̀rẹ̀ sí í ké bíi ológbò tí wọ́n tẹ̀ nírù, wọ́n mú àkísà, wọ́n so ó mọ́ ọn. Àkísà náà tutù rin, wọ́n so òmíràn lé e. Àǹtí mi mọ̀ nínú ọkàn rẹ̀ pé nǹkan yẹn ò dáa. Ó wo ojú Ẹlẹ́rìn-ín, Ẹlẹ́rìn-ín ò sọ nǹkan kan. Ẹlẹ́rìn-ín náà, bó ṣe wá jẹ́wọ́ nígbẹ̀yìn, ojú Àǹtí mi lòun náà ń wò. Gbogbo wọn ń wo ara wọn, kálukú rò pé bó bá léwu ni, ẹnì kejì ì bá ti sọ̀rọ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, àkísà náà fò, ó lọ lẹ̀ mọ́ àjà. Ooru funfun tú jáde lára páìpù, ó ń hó, ó sì bo àárín yàrá. Ó yẹ kí wọ́n sá. Wọn ò sá. Wọ́n dúró sójú kan, aṣọ lọ́wọ́ wọn, wọ́n ń wo ojú ara wọn bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Àǹtí mi tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Ìjì, òun náà dúró. Ó sọ fún mi pé ẹsẹ̀ òun ń retí kí ẹsẹ̀ ẹlòmíràn kọ́kọ́ gbéra.

Màmá Àgbà ló lọgun. Kò sẹ́ni tó gbọ́ igbe lẹ́nu rẹ̀ rí. "Ìjì! Kí lò ń wò? Sáré!"

Bí ẹni pé wọ́n tú okùn lẹ́sẹ̀ rẹ̀ ni. Ó fa aṣọ bẹ́ẹ̀dì tútù kan yọ nínú agbọ̀n, ó dà á borí, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wọ inú ooru náà lọ títí dé ara ògiri níbi tí irin róbótó tí wọ́n fi ń ti páìpù wà. Ó yí i, kò yí. Ó fi gbogbo ara tì í, ó yí. Kí híhó náà tó rọlẹ̀ tán, ó ti ń ti àwọn obìnrin náà síta bí ẹni ń da àgùntàn. Ẹlẹ́rìn-ín nìkan ni ooru bó lápá. Àwọn nọ́ọ̀sì sáré wá, wọ́n tọ́jú rẹ̀.

Ọ̀gá bá wọn nínú ọgbà. Fún ìgbà àkọ́kọ́, kọ́kọ́rọ́ ọwọ́ rẹ̀ ò dún. Ó ní, "Ta ló mọ̀ pé páìpù yẹn ń jò?"

Gbogbo wọn wo ilẹ̀.

"Mo ní ta ló mọ̀?"

Àǹtí mi gbọ́ ohùn ara rẹ̀. "Gbogbo wa la mọ̀, sà. Ó ti pẹ́."

Ọ̀gá wò ó, ó wo àwọn tó kù, ó mi orí, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Bó ṣe ṣẹ́rí báyìí ni Ẹlẹ́rìn-ín ti kọjú sí Àǹtí mi, báńdéèjì lápá. "O tà wá. O tà wá lójú wa. Wàyí o, á máa wá síbí lójoojúmọ́, gbogbo ohun tá a fi pamọ́ á fojú hàn." Àwọn tó kù dìde kúrò níbi tí Àǹtí mi jókòó sí.

Màmá Àgbà nìkan ni kò kúrò. Ó bi wọ́n pé, "Kí lẹ fi pamọ́?"

Ojú gbogbo wọn bọ́ sí ọwọ́ rẹ̀.

"Ọwọ́ mi ni, àbí? Ẹ rò pé mi ò mọ̀? Mo mọ̀. Mo ń gbádùn rẹ̀, mo ń dúpẹ́ lọ́kàn mi. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n bi yín, ṣé torí ìka tèmi ni gbogbo ara yín ṣe máa bó? Èmi ò rán ẹnikẹ́ni nírú iṣẹ́ yẹn o." Ó dìde, ó forí lé ọ́fíìsì Ọ̀gá. Àǹtí mi tẹ̀ lé e. Ẹlẹ́rìn-ín wò ó títí, ó pòṣé, ó tẹ̀ lé wọn. Ni gbogbo wọn bá tò lẹ́yìn ara wọn bíi ọmọ iléèwé.

Màmá Àgbà gbé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lé tábìlì Ọ̀gá. Ó ní, "Ọmọ mi, wò ó. Bó ṣe rí nìyí. Ohun tí àwọn wọ̀nyí ń bò fún mi nìyí, tí wọn ò fi lè pè ẹ́."

Ọ̀gá wo ọwọ́ náà, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ẹni tí ọ̀rọ̀ sú. "Màmá, ta ló sọ fún yín pé mi ò lójú? Láti ìgbà tí mo ti débí ni mo ti mọ̀. Kí lẹ rò pé mo ń mi kọ́kọ́rọ́ fún láti òkèèrè, bí ẹni tó ń pe adìẹ? Kẹ́ ẹ lè gbọ́ pé mò ń bọ̀ ni!"

Ẹlẹ́rìn-ín lanu, kò lè pa á dé. Àǹtí mi ní, "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bú wọn lójú ọ̀gá àgbà nítorí tèmi ńkọ́, sà?"

"Ọ̀gá tèmi ló dúró lẹ́yìn mi yẹn. Kí lo fẹ́ kí n ṣe? Ohun tí gbogbo ọ̀gá máa ń sọ níwájú ọ̀gá wọn ni mo sọ."

Wọ́n wá rẹ́rìn-ín, gbogbo wọn, nínú ọ́fíìsì kékeré yẹn, títí Màmá Àgbà fi jókòó. Láàárín ọ̀sẹ̀ náà, wọ́n pààrọ̀ páìpù. Ọ̀gá fún Màmá Àgbà ní ìjókòó lẹ́bàá ìmọ́lẹ̀, kó máa fi ojú yẹ aṣọ wò, kó máa yọ èyí tó bá ya sọ́tọ̀. Ibẹ̀ ló wà títí tó fi fẹ̀yìn tì tayọ̀tayọ̀. Ibẹ̀ náà ló ti sọ fún Àǹtí mi ìdí tí wọ́n fi ń kan tábìlì: tábìlì tí wọ́n ń lò láyé ọjọ́un ní ẹsẹ̀ kan tó máa ń yẹ̀, wọ́n á kàn án kó lè wọlé. Wọ́n ti gbé tábìlì yẹn jù kí ìdajì àwọn tó ń kàn án tó wáṣẹ́ débẹ̀.

Ẹlẹ́rìn-ín kò bá Àǹtí mi sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Nígbà tí apá rẹ̀ san, ó gbé aṣọ bẹ́ẹ̀dì kan, ó ju etí kejì sí Àǹtí mi láyà. Ó ní, "Dì í mú, ìwọ olófòófó." Bí wọ́n ṣe parí rẹ̀ nìyẹn. Wọ́n ti wá di ìyekan báyìí, ọmọ ẹnì kìíní ń sùn nílé ẹnì kejì.

Àǹtí mi ṣì wà nílé ìfọṣọ náà. Bí ẹni tuntun bá dé, ọjọ́ kìíní gan-an ló máa ń mú un jókòó sórí bẹ́ńṣì, tó máa ń sọ ìdí gbogbo ohun tí wọ́n ń ṣe fún un. Ó ní, "Èyí tá ò bá mọ ìdí rẹ̀, bi wá, ká jọ wá a." Lẹ́nu àìpẹ́ yìí, ọmọbìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé bi wọ́n pé kí ló dé tí ẹnikẹ́ni kì í jókòó sórí àga onígi kan tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n rò ó síwá, wọ́n rò ó sẹ́yìn, kò sẹ́ni tó mọ̀. Ẹlẹ́rìn-ín ní irú ìyà wo rèé, kí wọ́n máa dúró lórí ìnàró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga. Ó rìn lọ bá a, ó fi gbogbo ara jókòó.

Àga náà fọ́ yángá. Ọ̀gá sáré jáde, ó bá Ẹlẹ́rìn-ín nílẹ̀ láàárín igi, tó ń rẹ́rìn-ín débi pé kò lè dìde, tí Àǹtí mi sì dì í lápá mú, tí òun náà ò lè gbé e nítorí ẹ̀rín. Ọmọbìnrin tuntun náà dúró, ó ń bẹ̀ wọ́n, kò mọ̀ pé wọn ò tíì fẹ́ràn ìbéèrè ẹnikẹ́ni tó bẹ́ẹ̀ rí.